Rédíò Ojú Ọjọ́ Tó Ń Ṣọ́ Ilé Wa ní Houston: Àgbéyẹ̀wò Ẹni Tó Ń Lò Ó

Rédíò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín kì í ṣe èyí tí a fi ń gbọ́ orin tàbí ìròyìn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún: kí ó dákẹ́ sórí tábìlì lọ́sàn-án àti lóru, kí ó sì figbe ta nígbà tí ìjọba bá kéde pé ewu ń bọ̀ ní káúńtì (ìyẹn ẹ̀ka ìpínlẹ̀, bí ìjọba ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà) tí a kọ sínú rẹ̀. Ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, ní àdúgbò tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí débi pé ibi tí a ti ń ra èlùbọ́ kò jìnnà sí ilé. Láti ìgbà tí rédíò náà ti dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń béèrè bóyá ó yẹ kí àwọn náà ra tiwọn. Ìdáhùn mi ni pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á tí kò tò ó dáadáa yóò yọ ọ́ kúrò lára iná kí oṣù tó parí, nítorí náà bí a ṣe ń tò ó ni yóò gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ mi.

Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe tiwa, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ, ìyìn àti ẹ̀sùn, bá púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lórí pẹpẹ kan náà ní ṣọ́ọ̀bù mu. Owó rẹ̀ kò pé dọ́là 50. Ohun tí ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ wá lára páálí rẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́rin yìí, SAME, nítorí òun ló fi hàn pé rédíò náà lè mọ káúńtì kan yàtọ̀ sí òmíràn. Èyí tí kò bá ní in, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ni fóònù wá ń ṣe. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2012 ni ìkìlọ̀ pàjáwìrì ti ń wọlé sórí fóònù ní Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni forúkọ sílẹ̀ fún un, tiwa náà sì ti ké lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ẹlòmíràn ti pa irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ nítorí ariwo, ẹlòmíràn a máa pa fóònù pátápátá kí ó tó sùn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà sì lè lọ nígbà tí a nílò rẹ̀ jù. Lóru ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 2025, nígbà tí odò Guadalupe ya bo Kerr County ní àgbègbè olókè tó wà láàárín Texas, aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá òru ni ìkìlọ̀ omíyalé jáde. Àkókò tí oorun wọra jù nìyẹn, ọ̀pọ̀ ibi láàárín àwọn òkè yẹn ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sì ti já gaara. Àwọn aláṣẹ sọ pé omi náà ga sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 26 láàárín ìṣẹ́jú 45. Àwọn tó bá a lọ lé ní 100, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Kò sí rédíò tó lè dá omi dúró, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìròyìn yẹn, n kò fẹ́ kó jẹ́ pé fóònù nìkan ni yóò jí wa nílé yìí.

Àwa tí a wà ní Houston gan-an kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ irú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìjì kan tó fẹ́ wọ àárín ìlú ní ìrọ̀lẹ́ fọ́ fèrèsé àwọn ilé gogoro, ó sì mú iná mànàmáná lọ nílé àwọn ènìyàn tó súnmọ́ mílíọ̀nù kan. Kò tíì pé oṣù méjì tí hurricane Beryl, ìjì líle láti orí òkun, fi tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje, èyí tó sọ oníbàárà iná tó lé ní mílíọ̀nù méjì sínú òkùnkùn, àwọn kan sì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú rẹ̀. Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, ṣíṣọ́ agbára fóònù lò ni ènìyàn ń ṣe, bí ẹni tó ń wọn epo sínú jẹnẹrétọ̀. Bátìrì mẹ́ta ni rédíò tiwa ń lò bí iná bá lọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní AA, tó wà ní gbogbo ìsọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́, National Weather Service, ló ń bójú tó ètò tí rédíò yìí ń gbà wọlé, NOAA Weather Radio sì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ibùdó tó ń gbé ohùn jáde fún un káàkiri Amẹ́ríkà lé ní 1,000, ìkànnì méje péré ni gbogbo wọn sì ń pín lò, láti 162.400 títí dé 162.550 megahertz. Rédíò ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀, nítorí FM ti parí sí 108. Ohùn ibùdó kọ̀ọ̀kan a máa rìn tó nǹkan bíi máìlì 40, a kì í sì í san owó oṣù tàbí owó ọdún kankan lórí rẹ̀. Èyí tó ń sin Houston ni KGG68, tí òpó rẹ̀ wà ní Tomball ní ìhà àríwá, lórí 162.400. Galveston ní tirẹ̀, KHB40, lórí 162.550.

Bí ìkìlọ̀ bá fẹ́ jáde, ibùdó á kọ́kọ́ fi àmì kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ariwo kíkankíkan tí kò yé etí ènìyàn. Inú àmì yẹn ni wọ́n kọ irú ewu náà sí, káúńtì tó kàn, àti bí ìkìlọ̀ náà yóò ti pẹ́ tó. Ohùn gbọọrọ kan, 1050 hertz, á wá dún, kí ọ̀rọ̀ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Rédíò tó wà lórí tábìlì wa máa ń ka àmì náà láìsọ̀rọ̀. Bí káúńtì wa kò bá sí nínú rẹ̀, kò ní mira. Bí ó bá wà níbẹ̀, fèrè á ta, iná rẹ̀ á tàn, orúkọ ewu náà á máa yí lọ lójú rẹ̀, ohùn ibùdó á sì wọlé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù rẹ̀ nìyí. Láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń tò ó sí gbogbo káúńtì, ìwé kékeré tó bá a wá kò sì tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ pé ó yẹ kí a yí i padà. Arákùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ki tirẹ̀ bọ iná bó ṣe yọ ọ́ nínú páálí, ó sì fi í síbẹ̀. Ibùdó Tomball ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ káúńtì, títí dé àwọn tó jẹ́ igbó àti oko màlúù tí ẹni tó wà ní Houston kò ní ohunkóhun ṣe níbẹ̀. Ní àsìkò òjò, gbogbo ààrá tó bá sán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni rédíò arákùnrin yìí ń jí i sí. Ìyàwó rẹ̀ ló fa wáyà rẹ̀ yọ níkẹyìn, inú dúrọ́ọ̀ sì ni ó wà títí di ìgbà tí a jọ tò ó fún wọn lẹ́yìn ìsìn. Kò tíì bí wọn nínú láti ìgbà náà.

Títò ó fún ẹyọ káúńtì kan gba sùúrù, ní Texas pàápàá. Ìpínlẹ̀ yìí ní káúńtì 254, Harris tí à ń gbé sì jẹ́ ìkọkànlélọ́gọ́rùn-ún bí a bá tò wọ́n ní lẹ́tà-lẹ́tà. Bọ́tìnnì kékeré tó ní àmì ọfà ni wọ́n fi ń yí wọn lọ, Anderson, Andrews, Angelina, bẹ́ẹ̀ lọ, bọ́tìnnì náà sì le débi pé àtàǹpàkò á máa ro ni. Bí ìka bá pẹ́ lórí rẹ̀, á sáré kọjá Harris bọ́ sórí Harrison, èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Louisiana, èèyàn á sì tún máa fà á padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ kí a kọ nọ́ńbà káúńtì náà sínú rẹ̀ tààrà. Nọ́ńbà mẹ́fà ni: ti Harris ni 048201. Òdo tó ṣáájú fi hàn pé gbogbo káúńtì náà ni à ń sọ, 48 ni Texas, 201 sì ni Harris fúnra rẹ̀. Ti Fort Bend, níbi tí àwọn ará wa ní Richmond, Sugar Land àti Missouri City wà, ni 048157. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ National Weather Service, ni àwọn nọ́ńbà náà wà fún gbogbo Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni.

Rédíò tiwa lè gba ju káúńtì kan lọ, àwọn ènìyàn sì máa ń rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni ó ṣe dára tó. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tí à ń gbé inú rẹ̀ ṣe dandan. Mo fi Fort Bend kún un nítorí a kò jìnnà sí ààlà rẹ̀, àti nítorí pé ìjì tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ máa ń gba ibẹ̀ kọjá kí ó tó kàn wá, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn sì wúlò. Ẹni tó wà ní Katy lè fi Waller kún tirẹ̀ fún ìdí kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dáwọ́ dúró. Gbogbo káúńtì tí a bá tún fi kún un, oorun la fi ń ra á.

Yíyan ìkànnì ló tẹ̀ lé e. Ìwé rẹ̀ ní kí a tẹ́tí sí méjèèje, kí a sì mú èyí tó dún ketekete jù. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀, nítorí ibùdó tó dún jù lè máà jẹ́ èyí tó ń gbé ìkìlọ̀ káúńtì ẹni. Rédíò kò ní sọ fún yín pé ìkànnì tí ẹ yàn kò kan káúńtì tí ẹ kọ. Yóò kàn dákẹ́ ni, ẹ ó sì rò pé kò sí ewu. Àkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ nọ́ńbà káúńtì náà ló ń sọ ibùdó tó ń sìn ín, kí ẹ rí i pé méjèèjì bára mu. Nílé wa, Tomball já gaara, Galveston sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ariwo ṣíì-ṣíì.

Ibi tí a gbé e sí ṣe pàtàkì ju bí mo ti rò lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ṣíì-ṣíì nìkan là ń gbọ́. Lẹ́bàá fèrèsé, pẹ̀lú áńtẹ́nà tí a fà jáde tán tó dúró gbọn-in, ohùn náà mọ́ bí ẹni pé olùsọ̀rọ̀ wà nínú yàrá. Orí tábìlì kékeré ní ọ̀ọ̀dẹ̀ òkè, níwájú àwọn yàrá tí à ń sùn, ni tiwa wà báyìí, nítorí rédíò tó dún ketekete nísàlẹ̀ tí ẹni tó ń sùn lókè kò gbọ́ kò wúlò fún nǹkan kan. Ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ fún áńtẹ́nà ìta, fún àwọn tí ilé wọn ń dí ohùn náà lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń gbé fúláàtì ìsàlẹ̀ nínú ilé ńlá oníkọnkéré, kí ó tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ kí ó lè dá a padà bí ohùn kò bá wọlé.

Láràárọ̀ ọjọ́rú, kí ọ̀sán tó pọ́n, ni wọ́n sábà máa ń dán ètò náà wò. Tiwa kì í pariwo fún ìdánwò yìí, àkọlé rẹ̀ nìkan ló ń yọ lójú rẹ̀, mo sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bí mo bá kọjá. Bí ojú ọjọ́ bá burú lọ́jọ́ náà, wọn á sún un síwájú kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú. Bí ọjọ́rú bá ti kọjá tí àkọlé náà kò sì yọ nígbà tí oòrùn ń ràn, áńtẹ́nà tàbí ìkànnì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní ti bátìrì, rédíò kì í fi iná kún wọn. Wọ́n kàn ń dúró de ọjọ́ tí iná máa lọ ni, wọ́n sì lè jò sínú rẹ̀ bí wọ́n bá pẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni àsìkò hurricane máa ń bẹ̀rẹ̀, títí di ìparí oṣù kọkànlá, nítorí náà ní ìparí oṣù karùn-ún ni à ń pààrọ̀ tiwa.

Iná kékeré mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀, pupa nínú wọn ni ti ìkìlọ̀ tó le jù, ètò yìí sì wú mi lórí ju gbogbo ohun tó kù lọ, nítorí ìyá ọkọ mi tó wá láti Ìkìrè wá bá wa wẹ ọmọ. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà ló ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò yẹn, ohùn tí kì í mí, tó sì ń pe orúkọ àwọn àdúgbò kan bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Nígbà àkọ́kọ́ tó dún lóru, ohùn Màmá ni mo gbọ́ láti yàrá kejì: "Ìyàwó mi, ta ló ń bá yín jà?" Lọ́jọ́ kejì, mo mú wọn lọ síwájú rẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé, "Màmá, ẹ má dààmú nípa ohun tó ń sọ. Pupa ni kí ẹ máa wò." Bí iná pupa kò bá tàn, kí wọ́n padà sùn, ọ̀rọ̀ náà kò tíì dójú ẹ̀. Bí pupa bá tàn tí a kò sí nílé, kí wọ́n gbé ọmọ, kí wọ́n wọ inú kọ́lọ́fín tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, kí wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn ilé Houston kì í sábà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, nítorí náà ibi tó jìnnà sí fèrèsé jù ní ìsàlẹ̀ ilé ni ààbò fún tornado, ìjì tó ń yí bí òkòtó. Màmá fi bàtà kan àti aṣọ ọmọ sínú kọ́lọ́fín náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n sì wà níbẹ̀ di òní.

Ẹ̀sùn mi tó tóbi jù kì í ṣe ti rédíò nìkan, ti ètò náà ni. Láti ọdún 2007 ni National Weather Service ti ń ya àwòrán ibi tí ìjì máa gbà gan-an, ìkìlọ̀ orí fóònù sì ń tẹ̀ lé ilà tí wọ́n yà. Rédíò kò mọ ilà, káúńtì nìkan ló mọ̀. Harris County tóbi ju 1,700 máìlì níbùú lóròó lọ, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Bí tornado bá ń halẹ̀ mọ́ Baytown ní ìlà oòrùn, àwa tí a fi ohun tó lé ní máìlì 30 jìnnà sí i á jí, a ó sì fara balẹ̀ gbọ́ orúkọ àdúgbò tó ń pè kí a tó mọ̀ pé kò kàn wá. Ọ̀nà àbáyọ tiwa ni pé rédíò á jí wa, fóònù á sì sọ bóyá a wà nínú ilà. N kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ìkejì ni pé fèrè rẹ̀ kò ní àárín, ó dákẹ́ tàbí ó ta gbogbo ilé jí. Tiwa gbà kí a pa ohùn àwọn ìkìlọ̀ tí kò le, kí ó jẹ́ pé iná àti àkọlé wọn nìkan ni yóò yọ, mo sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Omíyalé ni n kò fọwọ́ kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń dún jù ní ìlú yìí, nítorí àgbàrá ni Houston ti ń rí èyí tó burú jù. Ẹni tó bá wà níbí ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà hurricane Harvey, kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Mo sì fi àwọn ìkìlọ̀ tí kì í ṣe ti ojú ọjọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ètò náà ń gbé ti kẹ́míkà tó tú jáde, ti ọmọ tí wọ́n jí gbé àti ti 911, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, tí kò ṣiṣẹ́. Ìlú tí àgbá kẹ́míkà ti jó fún ọjọ́ mélòó kan ní Deer Park ní oṣù kẹta ọdún 2019 kò lè fojú di ìyẹn.

Àwọn ará ilé ti ń ní kí n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ní ìdí, nítorí ẹni tó bá rántí omi oṣù kẹjọ ọdún 2011 níbẹ̀ mọ ohun tí àgbàrá lè ṣe. Kò ní wúlò. Ibùdó tó ń gbé irú àmì yìí jáde kò sí ní Nàìjíríà, ṣájà rẹ̀ sì jẹ́ ti 120 volt, iná wa á sun ún. Ìkìlọ̀ tí NiMet, ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, bá gbé jáde, orí fóònù àti rédíò lásán ni wọn á ti gbọ́ ọ. Ẹni tí mo rà á fún ni àbúrò mi ní Dallas, a sì jọ tò ó lórí fóònù: 048113 ni nọ́ńbà Dallas County, ó sì ní láti tún ìkànnì wá láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí Tomball kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá kó lọ sí káúńtì mìíràn, yóò tún un tò.